Kí ni kò jẹ́ kí ẹni tó ti kó èsúsú sá lọ? Bí ìmọ̀ nípa àwùjọ ṣe ń wo ìwà ẹ̀dá

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá aláta kan bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn obìnrin mọ́kànlá mìíràn nínú ọjà ń dá èsúsú, 20,000 náírà lóṣooṣù, oṣù méjìlá ni yóò sì fi yí gbogbo wọn ká. Ọwọ́ kejì ni ó bọ́ sí. Lọ́jọ́ tí ó kó 240,000 náírà rẹ̀, 40,000 péré ni ó ti dá, èyí tó túmọ̀ sí pé 200,000 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ẹlòmíràn ni, láìsí ìwé àdéhùn, láìsí ohun ìdúró, láìsí agbẹjọ́rò kankan. Oṣù mẹ́wàá gbáko ló kù tí yóò máa yọ 20,000 nínú owó ata fún ohun tí ó ti ná tán. Kí ni kò jẹ́ kí ó sá?

Bí a bá bi àwọn èrò ọjà, àwọn kan á ní ọmọlúàbí ni, àwọn kan á ní ó bẹ̀rù Ọlọ́run. N kò ní kí ìdáhùn wọ̀nyí má jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Ìyá aláta kan náà yìí lè ní iná tí kò gba inú mítà kọjá nílé. Ó lè bu iye ọjà rẹ̀ sí ìdajì nígbà tí agbowó-orí bá dé, kí ó sì sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ nìkan ni ìwà rẹ̀ ti ń wá, kí ló dé tí inú kan náà fi ń mú òótọ́ jáde níwájú olórí èsúsú, tó sì ń mú irọ́ jáde níwájú agbowó-orí?

Orí ìbéèrè yìí gan-an ni ìmọ̀ nípa àwùjọ dúró lé, èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì ń pè ní sosiọ́lọ́jì. Auguste Comte, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fún un ní orúkọ náà ní àwọn ọdún 1830, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ibn Khaldun, ọmọ Tunis ní Àríwá Áfíríkà, ti kọ̀wé ní 1377 lórí ohun tó ń so ẹgbẹ́ kan pọ̀ tí wọ́n fi ń lágbára ju àwọn mìíràn lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìmọ̀ yìí máa ń rú lójú. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí ni. Àwọn kan ní ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni wọ́n ń fi èdè ńlá sọ. Onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá á wo ohun tó ń lọ nínú ìyá aláta, ìbẹ̀rù rẹ̀, ìrántí rẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Onímọ̀ nípa àwùjọ á yí ojú síta: ta ni ó jókòó tì í, ta ló mú un wọ èsúsú, ta ni yóò gbọ́ bí ó bá sá, kí ni yóò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn owó? Kò ní ọkàn kò sí o. Ohun tó ń sọ ni pé ọkàn ẹnì kan kì í dá nìkan ṣe ìpinnu.

Émile Durkheim, tó kọ́ni ní Bordeaux kí ó tó lọ sí Paris, ni ó ṣe àlàyé yìí lọ́nà tó le jù. Ó ní àwọn ohun kan wà nínú ìwà wa tí a kò dá sílẹ̀ fúnra wa, tí a bá nílẹ̀ nígbà tí a dé ayé, tí yóò sì wà lẹ́yìn wa, tí wọ́n sì ní agbára láti tì wá tàbí láti fà wá sẹ́yìn. A kì í sábà mọ̀ pé agbára náà wà títí di ọjọ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹ wo “ẹ” tí a fi ń kí àgbà. Kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí ó pinnu láti máa lò ó. Ẹ wá jẹ́ kí ọkọ ìyàwó tuntun kan wọ ilé àna rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó dúró gbọnrangandan, kí ó sì wí fún bàbá ìyàwó rẹ̀ pé, “O káàárọ̀.” Kò sí òfin ìjọba tó rú, ọlọ́pàá kankan kò sì ní wá. Síbẹ̀, ṣíbí á dúró lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun, ìyá ìyàwó á wo ilẹ̀, ẹnì kan á sì béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Àyà ọkọ ìyàwó náà fúnra rẹ̀ á ti já kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán. Ohun tó já a láyà yẹn ni Durkheim ń tọ́ka sí. Ní Amẹ́ríkà, Harold Garfinkel mú irú nǹkan yìí ṣe ìdánwò: ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lọ máa hùwà nínú ilé òbí wọn bí ayálégbé, kí wọ́n máa tọrọ ààyè kí wọ́n tó mu omi, kí wọ́n máa pe ìyá wọn bí ẹni pé onílé lásán ni. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ará ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, tí wọ́n sì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wọn.

Nínú ìwé tí Durkheim tẹ̀ jáde ní 1893, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó bá èsúsú mu rẹ́gí. Ó ní ohun tó mú àdéhùn dúró kì í ṣe àdéhùn fúnra rẹ̀. Ẹni méjì lè tọwọ́ bọ̀wé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí kò bá sí nǹkan kan tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó mú kí àwọn méjèèjì gbà pé àdéhùn jẹ́ ohun tí a ń mú ṣẹ, bébà lásán ni. Èsúsú kò tilẹ̀ ní bébà. Ohun tó wà lábẹ́ bébà ni ó ń lò.

Kí wá ni ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà? Apá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní àṣà. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ti kọ̀wé nípa èsú: iye kan pàtó tí oníkálukú ń mú wá ní àkókò kan pàtó, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, lábẹ́ olórí kan, tí wọ́n sì ń kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní títẹ̀lé ara wọn, kí tálákà lè rí owó gidi kan dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé yìí kan náà sọ̀rọ̀ nípa ológò. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó á ní kí ológò lọ dógò tì í. Ológò á wọ agboolé, á jókòó, á máa bú, á máa pariwo, á sì mú adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ jẹ, láìbéèrè ẹni tó ni ín. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kì í ṣe adìẹ onígbèsè nìkan ló ń mú. Adìẹ bàbá àgbà tó wà ní ìyẹ̀wù òdìkejì náà lè lọ sí i. Ìdí nìyẹn tí gbogbo agboolé fi máa ń gbà á rò títí wọn yóò fi rí owó náà san. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní ìwà jàǹdùkú ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìṣètò rẹ̀ á rí i pé àwùjọ ìgbà náà kò ka gbèsè sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n á ti fọwọ́ kàn án kí ó tó dun onígbèsè.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù ní Nàìjíríà hu irú ìwà yìí. Bí ẹni tó yáwó bá pẹ́ kí ó tó san, wọ́n á kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀ àti ẹni tó ń bá a ránṣọ, pé olè ni. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2022, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn. Ológò orí fóònù nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ológò àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ènìyàn tó lè jókòó parí ọ̀rọ̀. Ti orí fóònù mú ìtìjú nìkan, ó sì fi àwọn aláparí-ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lóòótọ́, a máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀sín tí kò ní ibi tí a ti lè wẹ̀ ẹ́ nù kì í mú kí ènìyàn san gbèsè. Ó lè mú kí ó pa síìmù rẹ̀ rẹ́ kí ó sì kó kúrò ní àdúgbò.

Níbi tí a dé yìí, ẹnì kan lè ní, “Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni, àwa mọ iyì ara wa.” Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ìmọ̀ nípa àwùjọ kò lè gbà á, ìdí rẹ̀ kò sì le. Ní 1962, Clifford Geertz kọ̀wé lórí irú ẹgbẹ́ àdájọ bẹ́ẹ̀ ní Indonesia, Ṣáínà, Japan, Vietnam àti Áfíríkà. Ní 1964, Shirley Ardener tún kó àpẹẹrẹ púpọ̀ jọ láti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ará Cameroon ń dá njangi, àwọn ará Mexico ń dá tanda. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá tiwa tan, ìṣètò ni ó jọra. Ibì kan wà tí tiwa ti rìn dé ní tòótọ́ ṣáá: ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é, ní Bahamas asue, àwọn baba ńlá tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò níhìn-ín ni wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Jamaica dé ìlú London ní àwọn ọdún 1950, tí báńkì kò sì fẹ́ yá wọn lówó ra ilé nítorí àwọ̀ ara wọn, pardner, tí í ṣe èsúsú tiwọn, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kó owó àkọ́san ilé jọ. Àṣà jẹ́ ohun tí a ń kọ́, tí a ń gbé rìn, tí a sì ń tún ṣe kí ó lè bá ibi tí a dé mu. A kì í bí i mọ́ni.

Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ, nítorí pé “ẹ̀jẹ̀ wọn ni” ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nípa àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú, kì í sì í sábà jẹ́ ìyìn. Ní 1896, W. E. B. Du Bois, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, lọ ń gbé ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Seventh Ward ní Philadelphia, ó sì ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ìlú náà ti gbà pé ìṣẹ́ àti ìwà ọ̀daràn àdúgbò náà wà nínú ìran àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ìwé tí Du Bois gbé jáde ní 1899 fi iye owó ilé, iye owó iṣẹ́ àti àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wọn hàn, ó sì fi yé àwọn tó fẹ́ gbọ́ pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà ìran, ìtàn ìgbà ẹrú àti àìríṣẹ́ ló bí i.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjà. Yàtọ̀ sí àṣà, ohun kejì tó wà nílẹ̀ ni ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, bí a ṣe so ó pọ̀ àti ẹni tó mọ ẹni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akìwọwọ, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, kò fẹ́ kí a máa fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Faransé àti Jámánì nìkan ṣàlàyé ara wa, nítorí náà ó lọ sínú ẹsẹ Ifá àti èdè Yorùbá láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò lò. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbogbogbòò kan tó ṣe ní 1980, ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo wa mọ̀ ni ó gbé síwájú: àjọbí àti àjọgbé. Àjọbí ni okùn ẹ̀jẹ̀, àwọn tí a jọ ti orísun kan ṣẹ̀ wá; àjọgbé ni okùn ibùgbé, àwọn tí a jọ ń gbé, tí a jọ ń ṣòwò, tí a jọ ń pín omi àti ariwo. Kì í ṣe gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbà fún un pé ẹsẹ Ifá lè di ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Wọ́n bá a jiyàn nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣì wúlò, nítorí wọ́n jẹ́ kí a rí ohun tí èsúsú ń ṣe gan-an: ó ń mú àwọn àjọgbé lásán, ó sì ń di ẹrù àjọbí lé wọn lórí.

Ẹ wo bí a ṣe ń tò ó. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé láàárín àwọn ará Ifẹ̀, kọ̀wé lórí èsúsú ní 1952. Ó rí i pé nínú èsúsú tó tóbi, olórí lè má mọ gbogbo àwọn tó ń dá owó. Wọ́n máa ń pín wọn sí ọ̀nà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan a sì ní olórí tirẹ̀ tó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, tí yóò sì dáhùn bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀. Ìyá aláta wa kò wọlé fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́pà tí àtẹ wọn fara kanra ló mú un wá. Bí ó bá sá, kì í ṣe 200,000 nìkan ló jí gbé. Ó ba ojú ẹlẹ́pà jẹ́ lọ́dọ̀ olórí ọ̀nà, ó sì ba ojú olórí ọ̀nà jẹ́ lọ́dọ̀ olórí èsúsú. Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gbéyàwó, àwọn wọ̀nyí gan-an ni yóò máa pín aṣọ ẹbí fún. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹlẹ́pà ni yóò bá a ta ata. Nítorí náà, bí ó ti ń ka 20,000 sílẹ̀ lóṣooṣù, àwọn nǹkan wọ̀nyí náà ni ó ń san owó wọn, bí kò tilẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀.

Max Weber, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí irú èyí níbi tí kò retí rẹ̀. Ní 1904 ó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì bẹ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wò nítòsí Mount Airy ní North Carolina. Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n mú un lọ wo ìrìbọmi ìjọ Baptist nínú adágún kan tó tutù. Bí wọ́n ti ń ri ọ̀dọ́kùnrin kan bọmi, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní òun ti mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni yìí á wá. Weber béèrè ìdí rẹ̀. Ó fèsì pé ọkùnrin náà fẹ́ dá báńkì sílẹ̀ ní ìlú ni. Kì í ṣe pé àwọn Baptist pọ̀ tó láti máa fowó pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ló ṣe wẹ̀. Ìjọ náà máa ń wádìí ìwà ènìyàn láti ìgbà èwe kí wọ́n tó gbà á, bóyá ó máa ń mutí, bóyá ó jẹ gbèsè. Ẹni tí wọ́n bá ti gbà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ pàápàá á lè fọkàn tán an. Weber kò sọ pé ẹ̀sìn ọkùnrin náà kò tọkàn wá. Ohun tó rí ni pé wíwà nínú ẹgbẹ́ kan lè di ìwé ẹ̀rí níwájú àwọn tó wà lóde ẹgbẹ́ náà.

Bákan náà ni Abner Cohen ṣàlàyé Sábó ní Ìbàdàn, àdúgbò tí a pín fún àwọn Hausa ní 1916. Lójú ará Ìbàdàn, àwọn Hausa dá gbé nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí. Cohen, tó ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1969, wo ìṣòwò wọn. Màálù ń bọ̀ láti òkè Ọya, obì ń lọ sí ọ̀hún, àwìn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oníṣòwò tó kó màálù wá kò mọ alápatà Ìbàdàn kan. Onílé Hausa tó dé sí lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mai gida, ni yóò dúró fún alápatà náà títí yóò fi san owó. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò lè dúró láìsí pé àwọn onílé wọ̀nyí mọ ara wọn, kí wọ́n máa gbé pọ̀, kí wọ́n sì lè tètè gbọ́ bí ẹnì kan bá dalẹ̀. Nígbà tí òṣèlú àwọn ọdún 1950 sì fẹ́ sọ ọ̀tọ̀ tí wọ́n wà di ohun ìgbàgbé, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ ẹgbẹ́ Tijaniyya, tí í ṣe ẹgbẹ́ àdúrà nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, èyí tó tún yà wọ́n sọ́tọ̀ sí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tí wọ́n jọ ń kírun tẹ́lẹ̀. Àlàyé Cohen kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, nítorí ó dà bí ẹni pé ó sọ ohun gbogbo di ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n ó mú ojú wa kúrò lórí “bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí”, ó sì gbé e lé iṣẹ́ tí wíwà papọ̀ ń bá wọn ṣe.

Ó wá ku agbowó-orí àti mítà. Peter Ekeh, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ àròkọ kan ní 1975 tí àwọn ènìyàn ṣì ń tọ́ka sí káàkiri Áfíríkà. Ó ní gbangba méjì ni a ní. Ọ̀kan ni ti ilé: ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ìdílé, ìlú ẹni. Níbẹ̀ a ń dá owó, a ń ná ara wa, a kì í sì í béèrè èrè. Èkejì ni ti ìjọba, èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn gbé kalẹ̀, tó gba owó-orí lọ́wọ́ wa láìbi wá léèrè. Níbẹ̀ a ń béèrè ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbà pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin kan ṣe lè jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ fún ogún ọdún láìsí pé kọ́bọ̀ kan dín, kí ó sì máa kó owó káńsù sápò ní ọ́fíìsì, tí àwọn ará ilé yóò tún máa fi oyè dá a lọ́lá. “Iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni,” ni à ń wí, gbólóhùn yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí Ekeh fi ojú ìwé rẹpẹtẹ ṣàlàyé. Kò dá olè láre. Àlàyé kì í ṣe ìdáláre, ẹni tó bá sì ń da méjèèjì pọ̀ ni ìmọ̀ yìí máa ń bí nínú jù. Ohun tí ó fi hàn ni pé bí a bá kàn ń wàásù ìwà rere fún ẹni tó ti ń hùwà rere ní gbangba kan, a kò tíì fọwọ́ kan ìdí tí kò fi rí gbangba kejì bí tirẹ̀.

N kò fẹ́ kí èsúsú dà bí ọgbà ìdẹ̀ra. Àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà Karl Marx á béèrè ohun tí àwọn ìyókù lè gbàgbé: ta ni ó ń jẹ èrè, ta ni kò sì ní ọ̀nà mìíràn? Ìyá aláta ń dá èsúsú ní apá kan nítorí pé báńkì kò ní yá a lówó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé dé ìdá 27.5 nínú 100, báńkì tó bá sì fẹ́ yáni lówó á gbé tirẹ̀ lé e, á tún béèrè ìwé ilé. Èsúsú kò ní èlé lójú ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà ń gbówó lórí lọ́nà tí ó gbà lọ́dún náà, ẹni tó kó ní oṣù kìíní àti ẹni tó kó ní oṣù kejìlá kò kó iye kan náà, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ bára mu. Ẹ lọ wo ẹni tí ọwọ́ kìíní máa ń bọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ olórí àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni lọ́dọọdún, ẹ ti rí bí agbára ṣe pín nínú ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn ń pe ara wọn ní dọ́gbadọ́gba.

Èsúsú sì máa ń dàrú. Ìmọ̀ yìí kì í sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní sá. Ohun tó lè sọ ni irú ìṣètò tí àwọn ènìyàn ti máa ń sá jù. MMM, ètò owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba Nàìjíríà kan ní 2016, pe ara rẹ̀ ní ìrànlọ́wọ́ fún ara ẹni, ọ̀pọ̀ sì rò pé èsúsú ìgbàlódé ni. Ó ní ẹni tó ń mú ẹni wọlé, ó ní olórí lórí olórí. Kò ní àjọgbé. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ kò mọ ẹni tó gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iye oṣù tí yóò fi yípo, nítorí pé owó ẹni tuntun ni wọ́n fi ń san fún ẹni àtijọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti owó gbogbo ènìyàn pa, kò sì sí ilé ẹni tí ológò kankan lè lọ jókòó sí.

Mo mọ èsúsú kan tí obìnrin kan sá nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó kó owó ní oṣù kẹta, tí a sì gbọ́ pé ó ti wà ní Kùtọnù. Wọn kò pe ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ ìdáwó tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí òun náà wà nínú èsúsú ọ̀hún, ka owó méjì sílẹ̀, tirẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀, láìsọ̀rọ̀, olórí sì gbà á láìsọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí oṣù fi pé. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kò sí ẹni tó ní kí ẹ̀gbọ́n náà má dá mọ́; ọwọ́ ìkẹyìn ni olórí fi sí, ó sì dúpẹ́.